Àbúrò mi ní òun kò rí nǹkan kan tí òun bá wo ọ̀la: ṣé ọpọlọ ló ń ṣe é?

Àbíkẹ́ Aránṣọ (Ìbàdàn)
Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí mo ti fẹ́ kọ èyí, mi ò kàn mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ẹni ọdún 31 ni, káfíńtà ni. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà, pákó àti irinṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ. Látìgbà náà ló ti ń jókòó sójú kan. Kì í sunkún, kì í bínú. Tí mo bá bu oúnjẹ fún un, á jẹ díẹ̀, á da ọmọrí dé e. Tábìlì maṣíìnì mi ní ẹsẹ̀ kan tó ń mì, páálí ni mo ká sábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ káfíńtà wà nínú ilé. Ọjọ́ kan ni mo bínú, mo pè é ní ọ̀lẹ. Mo sọ ọ́ sí i lójú. Ọlọ́run á dárí jì mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà obìnrin kan, ẹni jẹ́jẹ́, bi í pé: "Kí ni nǹkan tí ò ń retí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Ó lè kéré o, ó lè jẹ́ oúnjẹ pàápàá." Ó dákẹ́. Mo rò pé ó ń wá èsì ni. Ó wá ní, "Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀." Dókítà ní kó tún gbìyànjú. Ó tẹjú mọ́ ògiri, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó ṣófo ni." Dókítà ní ìsoríkọ́ ni, ó kọ oògùn fún un, ó ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Níbẹ̀" tó sọ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Àfi bí ẹni pé ọ̀la jẹ́ yàrá kan tó yọjú wò, tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Mo fẹ́ bi ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀: ṣé ọpọlọ lè fọ́jú sí ọ̀la bẹ́ẹ̀? Àbí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni?

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì
Ọjọ́ Ajé, 10:25 alẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní bayọ́lọ́jì, mo sì ti ka ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀ nítorí bàbá mi. Ohun tí àbúrò yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ọpọlọ ló ń kọ́ ọ̀la fún wa, àlòkù àná ló sì fi ń kọ́ ọ.

Ọkùnrin kan wà ní Kánádà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní K.C. Lọ́dún 1981, ó ṣubú látorí alùpùpù, ó sì fi orí pa gidigidi. Nígbà tó gbádùn, ó mọ̀wé kà, ó mọ ayò chess ta, ó mọ ilé wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ayé rẹ̀ tó lè rántí bí ẹni tó wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Endel Tulving tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bi í pé kí ló máa ṣe lọ́la. Ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òun kò mọ̀. Tulving wá ní kó sọ bí inú rẹ̀ ṣe ń rí tó bá fẹ́ ronú ọ̀la. Ó ní ó ṣófo. Ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn wà nínú yàrá tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, tí ẹnì kan wá ń sọ fún un pé kó lọ wá àga níbẹ̀. Ọdún 1985 ni Tulving kọ ọ́ jáde, ibẹ̀ ló sì ti yé ọ̀pọ̀ onímọ̀ pé ẹni tó pàdánù àná, ó ti pàdánù ọ̀la mọ́ ọn.

Ní ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì ọpọlọ, lọ́gangan etí, ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní hippocampus. Ó tẹ̀ bí ẹja inú òkun kan tí orí rẹ̀ jọ ti ẹṣin, orúkọ ẹja náà ni wọ́n sì fi pè é. Ibẹ̀ ni ìrántí ohun tó ṣẹlẹ̀ síni ń gbà kọjá. Lọ́dún 2007, Demis Hassabis àti Eleanor Maguire pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù mú èèyàn 5 tí ibẹ̀ ti bàjẹ́ lọ́pọlọ wọn, wọ́n ní kí wọ́n fojú inú wo ara wọn ní etíkun oníyanrìn funfun. 4 nínú wọn kò lè to ó pọ̀. Ọ̀kan ní òun ń gbọ́ ẹyẹ òkun, òun ń gbọ́ omi, iyanrìn wà láàárín ìka òun, ṣùgbọ́n tó bá di pé kí òun rí nǹkan, ojú ọ̀run nìkan ni. Ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ ọ́n jù: apá wà, kọ́là wà, síìpù wà, ṣùgbọ́n ẹni tó máa rán wọn pọ̀ di aṣọ kò sí níbẹ̀.

Lọ́dún kan náà, Donna Rose Addis àti Daniel Schacter ní Harvard fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ wo àwọn tí ara wọn le. Wọ́n ní kí wọ́n rántí ohun tó ti ṣẹlẹ̀, wọ́n tún ní kí wọ́n ro ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ibi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibì kan náà nígbà méjèèjì.

Mi ò sọ pé ọpọlọ àbúrò yín bàjẹ́ bíi ti K.C. o. Rárá. Ìsoríkọ́ kì í gé nǹkan kúrò lórí. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ni ọ̀la jẹ́ fún ọpọlọ, iṣẹ́ tó ń gba agbára, ó sì lè rẹ̀ ẹ́.

Bàbá Ìbejì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:10 àárọ̀

Àbíkẹ́ ọmọ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ka gbogbo rẹ̀.

Àwọn bàbá wa ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó rí ọ̀la, ti Ọlọ́run ni. Tí ọmọ náà bá ní òun kò rí i, òtítọ́ ló sọ! Ohun tí a ń ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé ká máa sọ ọ́ sí i létí lójoojúmọ́ pé ó máa dára. Ẹ gbàdúrà fún un. Kó lo oògùn rẹ̀, mi ò kọ oògùn. Ṣùgbọ́n kí "ó máa dára" má kúrò lẹ́nu yín.

Nọ́ọ̀sì Táyé (Abẹ́òkúta)
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:15 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán o. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti dé, mo sùn díẹ̀, mo jí rí èyí. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn kò lélẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹni tí ìsoríkọ́ mú ń rí láburú níwájú rẹ̀. Ó lè rí i. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń wọ́n jù lójú rẹ̀ ni ire. Andrew MacLeod, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo ọ̀nà tó rọrùn láti wò ó. Ó máa fún èèyàn ní ìṣẹ́jú kan pé kó ka ohun tó ń fi ayọ̀ retí: lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ́dún tó ń bọ̀, ní ọdún 5 sí 10 òní. Lẹ́yìn náà, kó ka ohun tó ń bà á lẹ́rù. Àwọn tí ayé ti sú débi pé wọ́n ṣe ara wọn léṣe, ohun ìbẹ̀rù tí wọ́n kà kò pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Ohun ayọ̀ ni kò tó nǹkan. Àwọn tí àníyàn ń dà láàmú ní tiwọn, ohun ìbẹ̀rù ló pọ̀ rẹpẹtẹ, ohun ayọ̀ wọn kò dín. Àìsàn méjèèjì jọra lójú ẹbí, wọ́n á ní "ó ń ronú jù". Ṣùgbọ́n ọ̀kan, ẹrù burúkú ló kún yàrá rẹ̀. Èkejì, kò sẹ́rù níbẹ̀ rárá. Tí ilé bá ṣófo, ẹ má lọ máa lé olè níbẹ̀. Ẹrù ni kẹ́ ẹ máa kó wọ̀ ọ́.

Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi, sà. Àdúrà dáa, èmi náà ń gbà á. Ọ̀rọ̀ "ó máa dára" yẹn ni mo fẹ́ sọ nǹkan nípa rẹ̀. Kò ní ọjọ́, kò ní aago, kò ní ibi, kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ló máa fi ojú inú tirẹ̀ kún un. Ó gbọ́ "ó máa dára", kíá ló ti rí ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́yege. Ẹni tí ìsoríkọ́ mú kò ní ohun tó máa fi kún un. Àwa ń sọ fún un pé kó wá àga nínú yàrá tí Olùkọ́ sọ yẹn ni, tí kò bá sì rí i, á tún máa rò pé òun lòun kò gbàgbọ́ tó.

Ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́, ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Lọ́dún 1974, Aaron Beck ní Amẹ́ríkà ṣe ìwé ọ̀rọ̀ 20 tí wọ́n fi ń wọn àìnírètí nìkan, torí ó rí i pé àìnírètí yẹn, ju ìbànújẹ́ lọ, ló ń tọ́ka sí ẹni tó lè gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹ bi àbúrò yín tààrà. Ẹ bi í pé, "Ṣé ó máa ń wá sí ẹ lọ́kàn pé kó o má sí láyé mọ́?" Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí èèyàn lórí, ó máa ń tú u sílẹ̀ ni. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Oògùn náà, ẹ jẹ́ kó máa lò ó. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó rí iṣẹ́ rẹ̀.

Àbíkẹ́ Aránṣọ (Ìbàdàn)
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:50 alẹ́

Mo bi í. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó wò mí, ó ní, "Rárá o, sísì. Kì í ṣe pé mo fẹ́ lọ. Mi ò kàn rí ibi tí mò ń lọ ni." Ó wá ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bi mí." Mo wọ yàrá lọ sunkún.

Àga inú yàrá òfìfo yẹn dùn mí wọra. Ọmọ tó jẹ́ pé àga ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn.

Ọmọ Èkìtì (Lọ́ńdọ̀nù)
Ọjọ́rú, 1:30 òru

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má sunkún mọ́.

Tèmi ni irú kejì tí Nọ́ọ̀sì sọ, ti yàrá tó kún. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe níbí. Lọ́dún tí mo ń retí ìwé ìgbélùú mi, àwòrán kan ṣoṣo ló wà lójú inú mi láti àárọ̀ di alẹ́: àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀, lórí ẹní ẹnu ọ̀nà, tí mo ṣí, tí wọ́n kọ "rárá" sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń dúró sí. Mo lè rí i nígbà 40 lójúmọ́, mo lè máa fọ ẹsẹ̀ màmá arúgbó kan kí n má mọ̀ pé omi ti tutù.

Obìnrin tí wọ́n ní kí n máa bá sọ̀rọ̀ kò sọ fún mi rí pé kò ní ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. O ti ka ìwé náà tán. Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Mi ò ní èsì. Ojú inú mi kò tíì kọjá ẹní yẹn rí! A wá rọra ń lọ. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Adó. Ẹ̀gbọ́n mi pariwo. Mo gbé omi kaná. Lọ́jọ́ kejì mo wá agbẹjọ́rò. Ẹ̀rù náà kò lọ tán, ṣùgbọ́n ó di nǹkan tó ní ẹ̀yìn, kì í ṣe ògiri mọ́. Torí ẹ̀rù máa ń dá àwòrán dúró síbi tó burú jù, kì í jẹ́ ká wo bí a ṣe máa jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo kọ èyí torí àwọn tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí tó jẹ́ pé irú tèmi ló ń ṣe wọ́n.

Ṣẹ́gun O.
Ọjọ́rú, 7:45 àárọ̀

Mi ò kì í kọ nǹkan síbí, kíkà ni mò ń kà. Ṣùgbọ́n mo ti wà níbi tí àbúrò yín wà, ní ọdún 4 sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni nínú ilé wa nígbà yẹn. Kì í ṣe ọ̀la nìkan ló lọ. Àná náà lọ, ṣùgbọ́n èèyàn kì í tètè rí i, torí a ṣì lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni inú mi dùn kẹ́yìn, mo ní "nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà." Ó dà bí èsì. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọjọ́ kan. Ọdún 6 gbáko ni mo lò lọ́dọ̀ ìyá àgbà! Dókítà ní kí n mú ọjọ́ kan jáde nínú rẹ̀, kí n sọ ohun tí mo wọ̀, mi ò rí ọ̀kan. Ó ní kò ya òun lẹ́nu. Mark Williams ti rí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1986 pé tí wọ́n bá ní kí àwọn tó ti gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara wọn fi ọ̀rọ̀ kan bí "ayọ̀" rántí ọjọ́ kan pàtó, gbogbogbòò ni wọ́n máa ń dáhùn. Ní 1996, òun àti MacLeod tí Nọ́ọ̀sì dárúkọ, pẹ̀lú àwọn mìíràn, tún fi hàn pé ẹni tí àná rẹ̀ bá rí bàìbàì báyìí, ọ̀la rẹ̀ náà á rí bàìbàì.

Ibi tí tèmi ti yí padà, ẹ máa rò pé mò ń ṣeré ni. Ọjọ́ kan ni mo gbóòórùn iná igi. Mo rántí pé lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà ń din àkàrà, epo ta sí mi lọ́wọ́, ó gbé ọwọ́ mi sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ, ó wá bọ àkàrà tó kéré jù fún mi, tó jẹ́ pé eteetí rẹ̀ ti gbẹ dáadáa. Àkàrà kan, ọjọ́ kan, ọwọ́ kan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù mẹ́jọ, mo ro ohun tí mo máa jẹ lọ́jọ́ kejì.

Màmá Àjọkẹ́
Ọjọ́rú, 11:00 àárọ̀

Ṣẹ́gun ọmọ mi, o káre. Omi bọ́ lójú mi.

Ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn láti àná ni oríkì. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí àárọ̀ tí mo kúnlẹ̀ kí ìyá mi tí kò ní kì mí. Kì í ṣe ti ìdílé nìkan o. Ó máa ń fi tèmi kún un: Àjọkẹ́ tó ru igi tó ga jù ú lọ láti oko dé ilé lọ́jọ́ tí òjò pa wá, tí kò sọ ọ́ sílẹ̀. Mo máa ń rí ara mi nínú òjò náà. Orí mi á wú, mo sì máa lọ sí ilé ìwé bí ẹni tó ti ṣẹ́gun. Mo wá rí i báyìí pé ìyá mi ò sọ nǹkan kan nípa ọ̀la rí, àná ló máa ń sọ, síbẹ̀ ọ̀la ló ń rán mi lọ. Ẹ tún gbọ́ bí a ṣe ń dágbére fún ọmọ tó ń lọ sí ìrìn àjò: "Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe." Ọmọ ń lọ síwájú, a ní kó rántí.

Àbíkẹ́, o mọ ohun tí àbúrò rẹ ṣe rí. Má sọ fún un pé òṣìṣẹ́ ni. Sọ ọjọ́ kan fún un.

Bàbá Ìbejì
Ọjọ́rú, 8:20 alẹ́

Mo gbọ́, Nọ́ọ̀sì, mi ò bínú. Ó wọ̀ mí lára, torí mo ní ọmọ kan tí mo sọ "ó máa dára" fún títí tí kò fi bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Màá pè é lálẹ́ òní.

Ṣùgbọ́n ẹ là mí lọ́yẹ̀. Tí ọ̀la bá ṣófo lójú èèyàn, ṣé kò dáa ká kó ńlá sí i níwájú ni? Kí á sọ fún un pé kó máa rí ara rẹ̀ nínú ilé alájà mẹ́ta, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù tó ní òṣìṣẹ́ 20? Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa lórí rédíò nìyẹn.

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì
Ọjọ́rú, 9:05 alẹ́

Bàbá, ìbéèrè tó dáa ni. Gabriele Oettingen, ará Jámánì, ti yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò. Lọ́dún 1991, òun àti Thomas Wadden kọ nípa àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn díẹ̀. Àwọn tó gbàgbọ́ pé àwọn máa ṣe é, wọ́n fọn dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fojú inú rí i pé àwọn ti fọn tán, tí gbogbo rẹ̀ rọ̀ṣọ̀mù, àwọn ni kò fi bẹ́ẹ̀ fọn. Àlá ọ̀sán yẹn ti fún wọn ní adùn rẹ̀, kò sí ohun tó ń lé wọn jáde mọ́. Ohun tó ṣiṣẹ́ nínú àwọn ìwádìí rẹ̀ lẹ́yìn náà ni kí èèyàn wo ohun tó fẹ́, kó sì wo ohun tó dènà rẹ̀ lójú kan náà, kó wá mọ ohun tí òun máa ṣe tó bá débẹ̀. Fún ẹni tí ìsoríkọ́ mú, ilé alájà mẹ́ta tilẹ̀ jìnnà jù. Á kàn fi hàn án bí òun ṣe wà nísàlẹ̀ tó.

Àwọn ará Zimbabwe ni mo rò pé wọ́n mú un rọrùn jù. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan lédè Shona, *kufungisisa*, ríronú ní àrònújù. Lọ́dún 2006, dókítà ọpọlọ kan, Dixon Chibanda, mú ìyá àgbà 14 ní Mbare, ní Harare, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì igi níta ọsibítù, kí wọ́n máa gbọ́ èèyàn. Wọn ò ní kó máa ro ńlá. Wọ́n á gbọ́ gbogbo ìṣòro rẹ̀, wọ́n á ní kó mú ẹyọ kan nínú wọn, kó wá ìgbésẹ̀ kan tó lè gbé, kó lọ gbé e, kó padà wá sọ bó ṣe rí. Ìwádìí lórí èèyàn 573 tó jáde ní 2016 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn yá jìnnà ju ti àwọn tí wọn kò bá jókòó lọ.

Nọ́ọ̀sì Táyé (Abẹ́òkúta)
Ọjọ́rú, 9:30 alẹ́

Bẹ́ẹ̀ gan-an. Àwa náà sì ní tiwa níbí. Nígbà tí Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró lọ́dún 1954, àwọn abúlé tó yí ọsibítù ká ni ó fi àwọn aláìsàn sí, ìbátan kọ̀ọ̀kan wọn sì ń gbé tì wọ́n. Wọ́n á gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á padà sí abúlé lálẹ́. Aláìsàn ṣì ń dáná, ó ṣì ń lọ sóko, ó ṣì mọ̀ pé ọjà máa ná ní ọ̀túnla. Mo máa ń ro ìyẹn tí mo bá wo wọ́ọ̀dù wa, tí gbogbo ọjọ́ jọra wọn.

Ẹ̀gbọ́n Àbíkẹ́, ẹ má bi àbúrò yín pé kí ló fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe. Ẹ bi í ní nǹkan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀.

Àbíkẹ́ Aránṣọ (Ìbàdàn)
Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, 9:15 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó ń lo oògùn rẹ̀, èmi ni mò ń kà á fún un.

Mo kọ́kọ́ ṣe bí Màmá Àjọkẹ́ ṣe wí. Mo rán an létí ọjọ́ tó gbé àga àkọ́kọ́ tó kàn wá fún màmá wa, tí màmá kò fẹ́ jókòó lé e torí kó má bàa dọ̀tí, tó jẹ́ pé ilẹ̀ ni màmá jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀kọ. Kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ní, "Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín." Mo ti gbàgbé mọ́ínmọ́ín náà pátápátá.

Lálẹ́ òní mò ń rán aṣọ ẹbí kan, tábìlì ń mì bó ṣe máa ń mì. Mi ò ní kó tún un ṣe. Mo kàn ní, "Tí èèyàn bá máa pààrọ̀ ẹsẹ̀ yìí, irú igi wo ló máa gbé e?" Ó pẹ́. Mo ti rán apá kan tán kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ti dìde, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa páálí náà yọ, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí ẹsẹ̀ náà.

Ó ní, "Arère ni ẹni tó kàn án lò. Arère fúyẹ́ jù, maṣíìnì á máa jẹ ẹ́ níṣó. Àfi àjẹkù ìrókò."

Mo ní níbo la ti máa rí i.

"Bódìjà. Bàbá kan wà lẹ́yìn àwọn tó ń la pákó, ó máa ń kó àjẹkù jọ."

Mo ní ṣé ká lọ ní Sátidé.

Ó mi orí. "Sátidé, èrò á ti pọ̀ jù, wọn ò ní jẹ́ ká ṣà á. Jímọ̀ láàárọ̀. Ká ti dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, torí tó bá tutù, a ò ní mọ èyí tó ti jẹrà nínú." Ó dákẹ́. Ojú rẹ̀ tún fẹ́ lọ bó ṣe máa ń lọ. Ó ní, "Ṣùgbọ́n mi ò ní ayùn mọ́, sísì."

Mo fẹ́ sọ pé ó máa dára. Mo gbé e mì. Mo ní, "Ta ló ní ayùn?"

Ó ronú. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ní Òkè-Àdó ní méjì, ó sì lè yá òun ní èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ti já, òun á fi okùn dì í.

Ọ̀la ni Jímọ̀. Owó ọkọ̀ ti wà lórí tábìlì, mo fi àlùmọ́gàjí lé e.